Ẹ̀sọ̀ Ọwọ́ Lórí Okùn Gìtá

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá gìtá oníná mu ju ọ̀pọ̀ ohun èlò orin lọ, nítorí pé iṣẹ́ gìtá náà gan-an ni láti sọ ìfọwọ́kàn kékeré di ìró ńlá. Lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni òòfà wà, tí a fi wáyà tín-ín-rín wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè òòfà yìí, iná díẹ̀ a sáré nínú wáyà náà, áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, a sì sọ ọ́ di ohùn tí gbogbo òde ń gbọ́. Òòfà kò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo. Bí píìkì, ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn, bá ha okùn, bí ìka bá fà á nígbà tó ń kúrò lórí rẹ̀, bí okùn tí ẹnikẹ́ni kò pè bá gbọ̀n fúnra rẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú òòfà. Ọwọ́ nìkan ló lè ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo kí ìró tó dé ibẹ̀.

Ìtàn orin jùjú fi bí ọ̀ràn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn dáadáa. Kí iná tó wọ inú orin, àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ti gbé gìtá onígi kiri àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Èkó, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ta á. Ìró rẹ̀ kò ju ohun tí àwọn tó jókòó yí agbè ẹmu ká lè gbọ́ lọ. Bí ìka bá ṣi okùn tẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé àṣìṣe náà lọ. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè lẹ makirofóònù mọ́ ara gìtá onígi, òun ni a sì kà sí olórí ẹgbẹ́ jùjú àkọ́kọ́ tó lo gìtá tí iná ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ukulele-banjo ló ń ta tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀rọ náà lè lẹ̀ mọ́ lára rẹ̀. Irú makirofóònù bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ara igi: èékánná tó kan pákó, apá ẹ̀wù tó ń ha á. Òòfà tí àwọn gìtá ìgbẹ̀yìn ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ ka ara igi sí, okùn irin ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìgbọ̀n okùn tó kéré jù fún un.

Iná mú kí gìtá lè dúró láàárín ìlù púpọ̀, ẹgbẹ́ jùjú sì gbòòrò. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ Island Records ní 1982, gìtá inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ju mẹ́ta lọ, yàtọ̀ sí gìtá steel tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Ohun tí gìtá kọ̀ọ̀kan ń sọ kúrú. Ìgbà tí èyí bá dákẹ́ ni ìyẹn ń fèsì. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ara iṣẹ́ onígìtá. Ariwo tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò tó yẹ kó dákẹ́, inú àyè ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

Ó tún ku ọ̀ràn ohùn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń mọ ọ̀rọ̀, gìtá tó bá sì ń ki ènìyàn tàbí tó ń dá gángan lóhùn, ọ̀nà yẹn náà ló ń tọ̀. Bí okùn kejì bá dún níbi tó ti yẹ kí okùn kẹta nìkan dún, ohùn àlejò ti wọ àárín gbólóhùn, etí tó mọ ìlù yóò sì kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò sí onígìtá tó lè ṣa ariwo tó ti gba inú sípíkà jáde padà.

Púpọ̀ nínú ìwà ọwọ́ tó ń bí ariwo kì í ṣe ti àìmọ orin. Ibi tí a ti kọ́ gìtá ló ń bí wọn. Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Erúnmu ní Ẹgbẹ́dá dé Akanran ní Ọ̀nà-Àrà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan gìtá oníná. Áńpù kì í kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, iná kì í sì í sí nígbà gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ a gbé gìtá lọ sílé, a máa ta á láìsí iná. Gìtá tí ara rẹ̀ jẹ́ igi gbagidi, tí kò ní ihò nínú, kì í gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ ohun tó ń ta láàárín ariwo agbo ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára lu okùn. Oṣù ń gorí oṣù, ọwọ́ rẹ̀ a gba agbára yẹn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó tọ́. Nígbà tó bá di ọjọ́ ìsìn tí wọ́n so gìtá mọ́ áńpù, gbogbo híha píìkì àti gbogbo ìgbájú tí okùn ń gbá fíréètì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá, a jáde kedere. Olùdarí orin a ní kó rẹ fólúùmù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fólúùmù kọ́ ló ṣẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ilé ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí iná, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí ara gìtá ti tábìlì onípákó tàbí ilẹ̀kùn. Pákó náà a gba ìgbọ̀n okùn, ìró a sì tó gbọ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ le sí i. Áńpù kékeré tó ń lo bátìrì, tí a ń fi iyapíìsì gbọ́, tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé etí ń gbọ́ ohun tí òòfà ń gbọ́ gan-an. Ọwọ́ tó ti inú oko dé sì nílò ìsinmi díẹ̀ kó tó kan okùn. Ọkọ́ àti àdá ń fẹ́ kí a dì wọ́n mú ṣinṣin, bí ọwọ́ bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, yóò di píìkì náà mú bákan náà. Kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ọwọ́, kí a na àwọn ìka, kí a kọ́kọ́ ta ohun tó rọrùn, tó lọ́ra. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ìdìmú tí a kò tú nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun yóò gba sùúrù púpọ̀ bó bá pẹ́ lọ́wọ́.

Ọwọ́ tó mú píìkì ni ariwo ti ń wá jù. Ohun àkọ́kọ́ ni bí píìkì ṣe yọ tó láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ló yẹ kó yọ; èyí tó bá yọ jù a wọlẹ̀ láàárín okùn, a há, a sì máa kan pilásítíìkì tó bo ojú gìtá. Ohun kejì ni ìgbà tí píìkì ń padà sórí okùn. Okùn kẹfà, tó nípọn jù, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn kìíní sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 330. Bí píìkì bá fara kan okùn tó ṣì ń gbọ̀n, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọlu ara wọn. Okùn a máa gbá a léraléra, a sì dún bí ìgbà tí kòkòrò há sínú ìkòkò. Oògùn rẹ̀ ni kí píìkì má dúró lórí okùn ṣáájú àsìkò. Kó dé, kó ta, kó kọjá lọ, nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ó bá sì pọn dandan kó dúró, kí ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ti pa okùn náà lẹ́nu mọ́ ná.

Igun tí a fi gbé píìkì ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bó bá tẹ̀ díẹ̀, ó ń yọ̀ kọjá lórí okùn. Bó bá tẹ̀ jù, etí rẹ̀ a máa ha àwọn okùn nínípọn tí a fi wáyà wé lára. Ibi tí a ti ń ta á náà ń yí ìró padà: lẹ́bàá bíríìjì, níbi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá, ohùn a mú, ariwo píìkì a sì hàn sí i, lẹ́bàá ọrùn gìtá ohùn a rọ̀. Ní ti píìkì fúnra rẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́, tí kò tó ìdajì mìlímítà, a máa tẹ̀, a sì máa ta pàrá. Èyí tó tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ta pàrá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fàyè gba agbára lórí okùn, nítorí náà ó ń kọ́ ọwọ́ ní ẹ̀sọ̀. Káàdì pilásítíìkì tí a gé lè ṣiṣẹ́ píìkì bí a bá fi sánpépà ha etí rẹ̀ títí yóò fi dán. Píìkì tí etí rẹ̀ ti jẹ, kí a jù ú nù.

Ọwọ́ òsì ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Bí ìka bá ń wọ́ lórí okùn tí a fi wáyà wé nígbà tó ń ti fíréètì kan lọ sí òmíràn, okùn a ké fíìn, awọ ìka tó ti yi nínú iṣẹ́ oko sì máa ń mú igbe náà pọ̀ sí i. Kí ìka gbé ara rẹ̀ fẹ́rẹ́ kúrò lórí okùn kó tó rìn. Kó má fò sókè o, nítorí bí ó bá ṣí kúrò lójijì, okùn a dún lófìfo. Ẹ̀yìn fíréètì gan-an ni kó tẹ̀, níbi tí kò ti gba agbára. Bó bá jìnnà sí i, okùn a máa jà, olórin a sì máa rò pé agbára òun ni kò tó.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lórí gìtá, okùn tí kò sí ẹni tó di ẹnu rẹ̀ ni í mú ọ̀ràn bá orin. Bí a bá ta okùn kan, àwọn yòókù lè gbọ̀n tẹ̀lé e láìjẹ́ pé ohunkóhun kàn wọ́n. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ gìtá ni pípa okùn lẹ́nu mọ́, ìdajì yìí sì ni a kì í kọ́ ọmọ tuntun tó. Onídùndún mọ irú iṣẹ́ yìí: bí ọwọ́ kan ti ń lo kọ̀ǹgọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkejì ń ṣàkóso ọsán. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, lẹ́bàá bíríìjì, ni kó máa simi lórí àwọn okùn nínípọn tí a kò lò. Inú ìka ìlábẹ̀ òsì ni kó máa tẹ́ lórí àwọn tín-ín-rín láìtẹ̀ wọ́n mọ́ igi, kí orí ìka tó di okùn kan mú sì máa fara kan èyí tó wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń ta gìtá steel kò lè ta gbólóhùn kan láìfi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn lẹ́nu mọ́, torí pé irin tí wọ́n ń wọ́ kiri kò mọ okùn tí a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a kò fẹ́.

Ariwo kan wà tí kì í ṣe ti ọwọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ lè dín kù. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà oníwáyà ẹyọ kan sì ń gbọ́ ọ, a máa kùn. Ní 1955 ni Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ṣe òòfà oníwáyà méjì tó ń pa kíkùn náà. Lórí gìtá tí kò ní irú rẹ̀, kíkùn a rẹlẹ̀ bí ọwọ́ bá kan okùn, nítorí pé wáyà kan so bíríìjì mọ́ ilẹ̀ iná. Ní òde àríyá tó ń lo jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀ iná yìí lè má sí rárá. Bí gìtá bá ń ta ènìyàn, tàbí tí makirofóònù bá ń ta á ní ètè, kí ó dáwọ́ dúró, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tún wáyà ṣe. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni ìyẹn. Kí a rẹ fólúùmù sílẹ̀ pátápátá kí a tó fa wáyà yọ lára gìtá, àti nígbàkigbà tí oníwàásù bá dìde.

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Afrobeat àti nínú jùjú, onígìtá a máa mọ̀ọ́mọ̀ pa okùn lẹ́nu mọ́ kó tó fi píìkì ha á, kí gìtá lè ṣe bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èyí tọ́, torí pé ó bọ́ sí àsìkò, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá lè ta gbólóhùn kan náà láìsí híha, híha tirẹ̀ kò tíì di ti orin.

Fóònù ni onídàájọ́ tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sí iwájú áńpù, kó ta gbólóhùn kúkúrú kan ní ìdajì ìyára rẹ̀, kó dákẹ́ fún ìwọ̀n kan náà, kó tún un ta. Nígbà tó bá ń gbọ́ ọ padà, kó kọ́kọ́ fi etí sí àárín gbólóhùn méjèèjì, níbi tí kò ti yẹ kí ohunkóhun dún. Bó bá gbọ́ híha ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọwọ́ òsì ló yẹ kó wò. Bí ó bá jẹ́ ní ìparí rẹ̀ ni, kété kí gbólóhùn kejì tó bẹ̀rẹ̀, píìkì ló ti sáré dé sórí okùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé okùn kan ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó ta àwọn okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ọwọ́ méjèèjì gbàgbé.