Ta Ni Yóò Pa Obì Bàbá?

Ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ láàárín ọmọ ènìyàn, tí àwọn babaláwo, àwọn àlùfáà àti àwọn onímọ̀ ìwé ti fi ojú tiwọn wò, tí kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní olónìí: ṣé inú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni iyì rẹ̀ wà ni, tàbí ó ti ní iyì kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ohunkóhun? Ní àwọn ilé ìwòsàn Èkó, láti Ìgbóbì dé Ìdí-Àràbà, láti Yábà dé Òṣòdì, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń ko àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní occupational therapy lójú, èyíinì ni iṣẹ́ mímú ẹni tí àìsàn tàbí jàǹbá ti gba ìṣe rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ padà sí ìṣe náà.

Oníṣègùn a máa fúnni lóògùn, oníṣẹ́ abẹ a máa la ẹran ara, ẹni tó ń ṣe físíò a sì máa na apá àti ẹsẹ̀ kí okun lè padà sínú wọn; ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá ti ṣe tiwọn tán, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nílẹ̀: okun tó padà yìí, kí ni aláìsàn yóò fi ṣe? Báwo ni ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ojúwòyè yóò ṣe tún máa di ẹ̀fọ́ rẹ̀, báwo sì ni télọ̀ ní Tẹ́júoṣó yóò ṣe wa ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́? Ní ọdún 1917 ni àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ lógún péjọ ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, láti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1930 sì ni Dókítà Elizabeth Casson dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Bristol. Adolf Meyer, àgbà nínú àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ló fi ìdí ìmọ̀ náà lélẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1922, nígbà tó kọ́ni pé iṣẹ́, eré, ìsinmi àti oorun ni ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ayé ẹni, àti pé nípa ṣíṣe wọn gan-an ni ènìyàn fi ń rí ìdọ́gba náà.

Àwa náà kò ṣàìní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn wèrè ní Yábà, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àhámọ́ lọ nígbà náà, tó wá di ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tí ará ìgboro ń pè ní Yaba Left. Ẹ̀ka rẹ̀ ní Òṣòdì sì ni ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí wà. Ìgbóbì náà, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, kí ó tó di ilé ìwòsàn ní 1945. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ náà lè lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gba oyè mìíràn tẹ́lẹ̀, bóyá ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tó fẹ́ fi oyè kejì wọ inú rẹ̀, a máa wo ìlú ọba, níbi tí ọdún méjì ti lè tó fún irú wọn. Ibi yòówù kí ó ti kọ́ ọ, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ yìí ti là á sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo wákàtí 1,000, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ gan-an lábẹ́ ojú ọ̀gá.

Inú wákàtí wọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í ronú kàn. Bí rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn lápá ọ̀tún, tó sì fẹ́ wọ bùbá, ọwọ́ tó rọ ni yóò kọ́kọ́ ki bọ apá aṣọ, yóò fà á gòkè dé èjìká, kí ọwọ́ tó yè tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá ń bọ́ ọ, ọwọ́ tó yè ni yóò kọ́kọ́ yọ, èyí tó rọ a sì gbẹ̀yìn. Bí ó bá fẹ́ bẹ iṣu, yóò gún iṣu náà mọ́ pákó tí a kan ìṣó gbà kọjá, kí ó má bàa yí, kí ọwọ́ kan ṣoṣo sì lè bẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró tì í, á máa wò ó bó ti ń ṣe é tí kò rí i ṣe, ọwọ́ á sì máa yún un láti gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ á ní kí ó káwọ́ sẹ́yìn. Kí aláìsàn lè dá a ṣe láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀: èyí ni ìwé òkè òkun gbé ka iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpin iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé ìwé rẹ̀ dé agbo ilé kan ní Múṣin, níbi tí baba ọlọ́mọ kan, ẹni àádọ́rin ọdún, ti jókòó pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó rọ jọwọlọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, ọmọ-ọmọ ló ń bá a wọ bàtà, àkọ́bí rẹ̀ ló ń bu àmàlà sí i lẹ́nu. Kò sì sí ẹni tó ka èyí sí ìyà nínú wọn, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Akẹ́kọ̀ọ́ ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá máa dá jẹun.” Àkọ́bí bàbá wò ó títí, ó ní, “Dókítà, ṣé kí ayé lè sọ pé bàbá wa kò bímọ ni?”

Ọ̀rọ̀ tí àkọ́bí sọ yìí kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kan ló wà nídìí rẹ̀, èyí tó ní pé ẹni tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nǹkan fún kò di aláìníláárí, pé ìgbà tí àgbà kò bá rí ẹni ṣe é fún un ni ó ti tẹ́. Bákan náà ni ẹ̀sìn àwọn baba wa wí, nítorí Ọbàtálá Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀màgbò, alábàláṣẹ tó fi amọ̀ mọ ọmọ ènìyàn, òun náà ló ni arọ, òun ló ni abuké, òun ló ni afín, ẹni òrìṣà sì ni gbogbo wọn, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Àwọn Mùsùlùmí ilé kejì yóò sì sọ fún wa pé ẹni tí kò bá lè dúró kírun, kí ó jókòó kí i, ẹni tí kò bá lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i, Ọlọ́run yóò sì gbà á. Nítorí náà iyì ṣíwájú iṣẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí bá sì wá sọ́dọ̀ aláìsàn bí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ dá iyì rẹ̀ padà fún un, ohun tí kò sọnù ló ń wá.

Ṣé kí a wá ká iṣẹ́ náà kúrò nílẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ bi bàbá fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe, kò ní dárúkọ ṣíbí. Obì ni yóò dárúkọ. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nínú ilé rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń gbé obì fún, nítorí pé ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún òun, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tó bu àmàlà sí i lẹ́nu bu ọlá fún un. Ẹni tó gba obì nípò rẹ̀ ti gba ipò rẹ̀, ì báà jẹ́ pé àánú ló fi ṣe é. Òkété inú òwe náà gan-an, ọmọ ló ni ọmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkété fúnra rẹ̀ ló ń la ẹnu mu ún, kò sí ẹni tó ń bá a gbé e mì. Ìtọ́jú tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún àgbà láti ṣe ti kọjá ohun tí òwe náà pa láṣẹ.

Àwọn kan ti rí èyí ṣáájú wa. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní 1954, kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó ní kí ìbátan tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹni tó bá lè roko máa bá wọn roko, kí ìwòsàn lè bá aláìsàn láàárín ènìyàn. Ní 2006, Michael Iwama, tí òun náà jẹ́ oníṣẹ́ yìí, tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé ohun tí òun àti àwọn oníṣẹ́ yìí ní Japan jọ rò, pé kíkó ohun gbogbo lé dídá-ṣe-é kò bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn wọn mu, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni àti àwọn tó yí i ká kò ṣe é yà sọ́tọ̀.

Ohun tó yẹ kí àwọn olùkọ́ ní Òṣòdì àti Ifẹ̀ tẹnu mọ́, tó sì yẹ kí ọmọ wa tó lọ gba oyè kejì ní òkè òkun gbé lọ́wọ́ bọ̀ wálé, kò ju èyí lọ: kí àkọ́kọ́ nínú ohun tí a ó kọ sínú ìwé àyẹ̀wò jẹ́ ipò tí aláìsàn dì mú nínú ilé rẹ̀, kí jíjẹ, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ tó tẹ̀ lé e. Bí bàbá bá ní obì ni, kí ọmọ máa bu àmàlà lọ; kí akẹ́kọ̀ọ́ lo wákàtí tirẹ̀ lórí bí bàbá yóò ṣe jókòó gan-an láìṣubú, bí ọwọ́ òsì yóò ṣe gbé ọwọ́ ọ̀tún ró láti abẹ́, kí obì lè bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Bàbá yóò wúre, àkọ́bí yóò pa obì náà lójú rẹ̀, ohun méjèèjì yóò sì jẹ́ iṣẹ́ bàbá, nítorí pé òun ló pàṣẹ rẹ̀.