Ta Ni Akọni Létí Òkun Tútù?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí kíláàsì. Ó rí àwọn kan nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dúró lórí pátákó, tí ìgbì òkun ń gbé wọn bọ̀ wá sí èbúté. Ó ní: "Ústáàsì, ṣé kì í ṣe pé àwọn wọ̀nyí ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn?" A kò tètè dáhùn, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe rí kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ocean Beach ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, yẹ̀ wò. Yanrìn ni ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀, kì í ṣe àpáta, nítorí náà òkìtì tí ìgbì ń fọ́ lé lórí lónìí lè ti ṣí kúrò bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Omi rẹ̀ tutù púpọ̀, ìwọ̀n Celsius 10 sí 15 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ láìwọ aṣọ rọ́bà tó fún mọ́ ara yóò kọ́kọ́ máa mí gúlegúle, kò sì ní pẹ́ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣàn tí ń padà sí agbami ló léwu jù. Omi tí ìgbì kó wá sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, àlàfo àárín òkìtì yanrìn méjì ló sì máa ń gbà. Aláìmọ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ tààrà sí ilẹ̀, a máa bá a jà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó mọ̀ a gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Àní àwọn tí ń gun ìgbì a máa fi ìṣàn yìí kan náà ṣe ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìn ìgbì!

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù a máa dúró pẹ́ lórí yanrìn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ń wo afẹ́fẹ́: bó bá ti orí ilẹ̀ wá, ìgbì a dúró dáadáa, bó bá ti orí òkun wá, a fọ́n ọn ká. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú-àáyá àárín ìgbì sí ìgbì, nítorí pé ìgbì tí ń dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 16-16 lágbára ju èyí tí ń dé ní 8-8 lọ, bí gíga wọn tilẹ̀ dọ́gba. Nígbà mìíràn, wọn a gbé pátákó wọn, wọn a sì lọ sílé.

Ṣé ojo ni wọ́n? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, àwa náà wọ òkun ní Èkó rí. Kì í ṣe pé a mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ni a sá fún. Apẹja kan ló bẹ́ sómi fà wá jáde. Ẹ̀mí tiwa nìkan kọ́ ni a gbé wọ omi lọ́jọ́ náà, a kò sì bi ọkùnrin yẹn bóyá ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Arábìnrin kan wá sọ ní kíláàsì pé ẹni tí kò bá wọ omi kò lè mọ omi láéláé. Òótọ́ ló sọ. A ní kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ìgbì bá kéré, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ń kú. Èyí kò ní ìdáhùn lẹ́nu wa.

Ó tún bi wá bóyá a ti padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ apẹja náà. A kò tí ì lọ.