Ẹni Tó Rọ Àgádágodo, Ta Ló Ń Sanwó Fún Un?

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo Bitcoin rò pé owó àṣírí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo owó tó bá ti ibi kan dé ibòmíràn ni a ń kọ sínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò; bí ẹnikẹ́ni bá ti mọ̀ pé ìwọ lo ni nọ́ńbà kan, ó ti rí ìnáwó rẹ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ṣe àpò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń da owó ènìyàn púpọ̀ pọ̀, kí a má baà mọ ti ta ni.

Èyí kò burú lójú wa. Ta ni nínú wa ló ń ka owó rẹ̀ láàárín ọjà? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, wọ́n ti àkáǹtì Feminist Coalition pa ní báńkì, Bitcoin ni wọ́n sì fi ń gba ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó dáwó nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè ní ìdí tó fi fẹ́ bo orúkọ rẹ̀.

Orí owó iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó ń ṣe irú àpò yìí náà gbọ́dọ̀ jẹun. Owó ìdáwó ni àwọn Monero fi ń ṣe tiwọn; ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, olè kó XMR 2,675 nínú rẹ̀ lọ. (Àwọn tó ń ṣọ́ àpò ẹlòmíràn, tiwọn ni olè tú!)

Ní ti Samourai Wallet, títí di ọdún 2024, ó máa ń gba owó díẹ̀ lórí ohun tí a bá dà pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà mú Keonne Rodriguez àti William Hill tó dá a sílẹ̀ ní 2024, wọ́n ní owó ọ̀daràn tó lé ní mílíọ̀nù 237 dọ́là ló gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì gbà pé àwọn jẹ̀bi; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ sọ Rodriguez sẹ́wọ̀n ọdún 5, Hill ọdún 4.

Àwọn kan ń sọ pé a kì í mú alágbẹ̀dẹ nítorí olè. A gbà, bí alágbẹ̀dẹ bá ta àgádágodo tán tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, bí olè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Báwo ni yóò ṣe fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró? Nítorí náà, ti àwọn tó ń tọrọ ìdáwó tẹ́ wa lọ́rùn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi lè pa wọ́n.

Àwa tí a ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ti fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí wọn rí?