Owó Ta Ni Ó Wà Lọ́wọ́ Onígbèsè?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá sójú ewé yìí. Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n ó le ju bí ojú ti ń rí i lọ. Bí ọkùnrin kan bá jẹ gbèsè, tí ó wá rí 10,000 náírà gbà lónìí nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ta ló ni owó náà? Ṣé òun tí ó làágùn lé e lórí ni, àbí ìyàwó àti ọmọ tí ń retí rẹ̀ nílé, àbí ẹni tí ó yá a lówó?

Bí a bá bi àwọn olówó, wọn yóò ní kò sí ohun tí à ń bò nínú rẹ̀, ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló ni ín. Bí a bá bi ìyá ọmọ, yóò ní ẹni tí ó bí ọmọ kò gbọdọ̀ fi ebi pa á. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọ̀kan ń parọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan ní Ìgèdè-Èkìtì wa yìí. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mo ń bá wí o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá mi dúró lọ́jà pé èwo ni tòun nínú rẹ̀. Ká ní ó jẹ gbèsè 480,000 náírà, díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tí ó ń tà á láṣọ àti síìpù láwìn ní Ọjà Ọba l'Ádó. Ó ń rán aṣọ 6 lọ́sẹ̀, ó ń gba 8,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48,000 nìyẹn. Ó yọ owó òwú, bọ́tìnnì àti epo jẹnẹrétọ̀ kúrò, 18,000. Ó ku 30,000. Oúnjẹ ilé gba 20,000, ìyẹn bí ìyàwó bá mọ owó ná. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún gbèsè ni 10,000. Bí ọmọ kò bá ṣàìsàn, tí ẹ̀rọ ìránṣọ kò bàjẹ́, tí onílé kò sì kànkùn, ọ̀sẹ̀ 48 ni yóò fi san án tán. Kí ẹ sì wò ó, n kò tíì dárúkọ owó ilé ìwé.

Kì í ṣe gbogbo onígbèsè ni ọ̀lẹ tàbí onínàákúnàá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá ọdún 2024, iye tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè kéde fún ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ sílẹ̀ kí epo tó gbówó lórí kò lè padà lọ bá oníbàárà pé kí ó fi kún un. Gbèsè wọlé bá ẹlòmíràn níbi tí ó jókòó sí, tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ti oúnjẹ ilé ló kọ́kọ́ dúró. Kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn ọmọ wa ju olówó lọ. Olówó kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ni. Ní ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ọkùnrin kan ra èso igi, àjálù bá èso náà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ànábì ní kí àwọn ènìyàn ṣe sàárà fún un. Wọ́n ṣe é, kò tó gbèsè náà. Ó wá sọ fún àwọn olówó pé kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bá rí, pé kò sí ohun mìíràn fún wọn lẹ́yìn èyí. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò tà á, wọn kò sì ti aya rẹ̀ síta. Lórí ìpìlẹ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn fi sọ pé bí adájọ́ bá tilẹ̀ ń ta ẹrù ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀, a ó fi oúnjẹ àti aṣọ sílẹ̀ fún un àti fún ìdílé rẹ̀.

Ẹnì kejì tí ó ní ìpín nínú owó yẹn kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà ni a ṣe ń gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni. 18,000 tí aránṣọ yẹn fi ń ra òwú àti epo kì í ṣe owó ilé, kì í sì í ṣe owó gbèsè. Ojú owó ni. Ọ̀pọ̀ olówó tí kò ní sùúrù a gba ojú owó lọ́wọ́ onígbèsè ní ọjọ́ Ajé, wọn a sì máa bínú ní ọjọ́ Ajé kejì pé kò rí nǹkan san. Onígbèsè náà sì lè ṣe ohun kan náà sí ara rẹ̀: ọmọ fẹ́ bàtà, ó mú un nínú owó òwú, àna ń ṣòkú, ó tún mú un níbẹ̀. Lójú rẹ̀, ó ń tọ́jú ìdílé. Ẹni tí ó bá jẹ ojú owó ti ja ilé lólè, ó sì ti ja olówó lólè, nítorí inú rẹ̀ ni oúnjẹ oṣù tí ń bọ̀ àti gbèsè oṣù tí ń bọ̀ yóò ti jáde.

Owó mìíràn tún wà tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kì í pè ní gbèsè, ìyẹn owó tí oníbàárà san sílẹ̀. Obìnrin kan kó aṣọ wá, ó san ìdajì. Aránṣọ fi ìdajì yẹn ra òwú fún aṣọ ẹlòmíràn tí ó ti ná owó tirẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó ń fi Mọ́ńdè san Sátidé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn Súbéírù ọmọ Awwámù, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà ńlá, tí wọ́n pa ní ọdún 36 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí 656 nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Àwọn ènìyàn a máa gbé owó wá bá a pé kí ó bá wọn pa á mọ́. Yóò ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí ó jẹ́ owó yíyá, nítorí ó ń bẹ̀rù kí ó má sọnù. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹrù náà ka orí ara rẹ̀: owó ìfipamọ́ tí ó bá sọnù láìjẹ́ ẹ̀bi olùtọ́jú lè má di sísan, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní àwáwí. Nígbà tí ó kú, wọ́n ṣírò ohun tí ó jẹ, ó jẹ́ 2,200,000. Kò fi owó lásán sílẹ̀, ilẹ̀ àti ilé ni. Ọmọ rẹ̀ Abdullahi tà wọ́n, ó san gbèsè. Nígbà tí ó sanwó tán, àwọn ajogún yòókù ní kí ó wá pín ogún. Ó kọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi ń kéde ní àsìkò Hájì pé ẹnikẹ́ni tí bàbá òun bá jẹ kí ó wá gbà, kí ó tó pín in. Ṣé ẹ rí i pé àwọn opó àti ọmọ dúró fún ọdún mẹ́rin? Nínú súrà kẹrin Àlùkùránì, lẹ́yìn gbèsè ni ogún.

Níbi tí ẹsẹ̀ tí ń yọ̀ jù ni ohun tí à ń pè ní bùkátà ìdílé. Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí aránṣọ wa yẹn ra àgbò 150,000 náírà, ọ̀sẹ̀ 15 ni ó jẹ nínú owó olówó. Yóò ní nítorí àwọn ọmọ ni, kí ojú má baà tì wọ́n láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ ká a ni àgbò wà fún, bẹ́ẹ̀ náà ni Hájì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn. Àwa tí à ń wo àgbàlá aládùúgbò láti mọ̀ bóyá ó so àgbò mọ́lẹ̀ la kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbèsè, ó sì yẹ kí Lèmọ́mù wa máa sọ ọ́ lórí mínbárì kí ọdún tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ọmọ fúnra wọn. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkìtì kò sì yọ sílẹ̀, bí bàbá bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan. Ó lè roko fún ọdún mẹ́wàá, kọ́bọ̀ kan kò ní dín nínú ojú gbèsè; ọjọ́ tí bàbá bá kó owó náà pé ni ọmọ tó di òmìnira. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ó ní ilé àti ìdílé, ṣùgbọ́n ìgbà èwe rẹ̀ ti lọ sórí owó tí kò ná. A ti fi àṣà yìí sílẹ̀, a sì ń dúpẹ́. Síbẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tí wọ́n yọ nílé ìwé kí ó lè máa kiri omi inú ọ̀rá lójú ọ̀nà Aramọkọ, kí owó ọ̀sẹ̀ ẹni tí ó yá bàbá rẹ̀ lówó má baà yẹ̀, kí ni ká máa pè é? Ó ń san èlé bàbá rẹ̀. Àwọn ìyá ọjà ti fún irú owó ẹlẹ́lé ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, gbọ́múlé-láńtà, ẹni tí ó bá sì ti gbà á rí mọ ìdí orúkọ náà. Pé ọmọ ran bàbá lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé kò burú, ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé ọmọ ń fi ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ san èlé, ìpín ọmọ nínú owó yẹn ni olówó ń gbà, kò sì tọ́ sí i.

Olówó pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Nínú súrà kejì, Ọlọ́hun ní kí a lọ́ onígbèsè tí kò rí jájẹ lára títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àti pé bí a bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, ó dára jù. Àwọn baba wa ní ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa jẹ oúnjẹ ilé títí ìtìjú yóò fi mú wọn sanwó. Ológò òde òní wà nínú fóònù. Ó ń fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí oníbàárà rẹ̀, sí Lèmọ́mù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, ya wọ àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù kan l'Ékòó, ó sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún wọn ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Aránṣọ tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ lójú oníbàárà, kí ni yóò fi san gbèsè?

Ṣùgbọ́n Ànábì tún pe ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ ní àbòsí, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ọ̀pọ̀ wa tí a kò ka ara wa sí onígbèsè. Ìgèdè ni oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tí ń ránṣọ. Láàárín ọdún 2015 sí 2018, nígbà tí òṣìṣẹ́ Èkìtì ń retí owó oṣù mélòó kan tí kò dé, olùkọ́ jẹ aránṣọ, aránṣọ jẹ alásọ, alásọ jẹ alájọ. Àwọn wọ̀nyẹn ní àwáwí. Kí ni àwáwí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wọlé, tí ó sì wọ aṣọ ẹbí lọ sí ìgbéyàwó láì tíì san owó ìránṣọ?

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ohun tí ń bẹ láàárín ọkọ àti aya. Ọkùnrin púpọ̀ kì í sọ iye gbèsè wọn nílé. Wọn a máa ti ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́wàá òru, ọmọ a ti sùn; wọn a jáde lẹ́yìn Súbúhì, ọmọ kò tíì jí. Aya a máa rò pé obìnrin mìíràn ló wà níta. Nígbà tí Sàlímánù ará Páṣíà rí i tí Abú Dárúdáì ń fi ìjọsìn ṣe gbogbo òru tí ó gbàgbé aya rẹ̀, ó rán an létí pé ilé ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, Ànábì sì ní òótọ́ ni Sàlímánù sọ. Bí ìjọsìn kò bá lè gba gbogbo òru ìdílé, n kò rò pé ó yẹ kí gbèsè gbà á. Aya tí ó mọ̀ pé 480,000 ni, tí ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 48 ni, lè yàn fúnra rẹ̀ láti fi ẹ̀fọ́ rọ́pò ẹran. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kàn máa rò pé ọkọ òun ti ń háwọ́ ni.

Owó aya ńkọ́, èyí tí ó rí nídìí gààrí tàbí ẹ̀rọ ata rẹ̀? Gbèsè ọkọ kò sí lórí rẹ̀, òfin ẹ̀sìn wa kò fi sí i, àṣà Èkìtì pàápàá mọ̀ pé àpò obìnrin yàtọ̀. Bí ó bá fẹ́ fi 60,000 gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tí ń ta síìpù, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn bóyá ọrẹ ni tàbí ẹ̀yáwó. Bí ọrẹ bá ni, kí ó má tún gbé e jáde lọ́jọ́ ìjà. Bí ẹ̀yáwó bá ni, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kékeré tàbí ńlá, kò yọ ti inú yàrá sílẹ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí orúkọ ìyá Ọjà Ọba wà, kí ọkọ sì máa san án fún un nígbà tí ó bá kàn án.