Àwọn Ọmọbìnrin Márùn-ún Lẹ́nu Ọ̀nà Àgọ́

 Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ṣí nínú Bíbélì pẹ̀lú àwọn ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ìwé Numeri orí 27, láti ẹsẹ kìíní dé ìkọkànlá. Ìwàásù kì í sábà ti ibẹ̀ jáde. Orúkọ ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa a sì máa fò ó.

Selofehadi kú sínú aginjù láìní ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin márùn-ún ló fi sílẹ̀: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Bí nǹkan ti wà nígbà náà, ogún ilẹ̀ kò kàn wọ́n. Wọn kò jókòó sínú ilé kí wọ́n máa ṣàròyé fún aládùúgbò. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ àjọ níwájú Mose, Eleasari àlùfáà, àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn. Mose kò lé wọn. Ó gbé ọ̀ràn náà tọ Olúwa lọ, Olúwa sì dá wọn láre. Bí ẹjọ́ àwọn ọmọ tí baba wọn ti kú ṣe di òfin fún gbogbo Israẹli nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò tíì dé Kenaani nígbà náà. Òdìkejì Jordani ni wọ́n wà, wọ́n sì ń béèrè ìpín nínú ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ̀. Àwa ńkọ́? A máa ń sọ pé àjò kò dùn kí onílé má relé, a sì fi ń sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yìí kò kàn wá. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, níbo ni ilé wọn?

Ní ìpínlẹ̀ New York tí a wà yìí, obìnrin kan ṣe ohun tí àwọn ọmọ Selofehadi ṣe. Shirley Chisholm ni orúkọ rẹ̀. Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 1924, ṣùgbọ́n àjèjì ni àwọn òbí rẹ̀: baba wá láti Guyana, ìyá láti Barbados. Baba ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ìyá ń ránṣọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé. Nígbà tí owó kò ká a, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ fún ìyá àgbà ní Barbados, wọn kò sì padà títí di 1934. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọmọ ránṣẹ́ sí màmá nílé kí ẹ lè ráyè ṣiṣẹ́, ẹ mọ bí ìyẹn ti ń rí lára.

Olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni, ó sì ṣe olórí ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní Manhattan. Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú àdúgbò rẹ̀, àwọn obìnrin ló ń ṣe wàhálà owó wíwá, àwọn ọkùnrin ló ń pàṣẹ. Ó béèrè ìdí rẹ̀ ní gbangba. (A kò sọ pé irú rẹ̀ wà nínú ìjọ o.) Ní 1964 àwọn ará àdúgbò dìbò fún un, ó sì wà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Albany láti 1965 dé 1968.

Ó jà fún ètò SEEK, tó ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì ìlú New York fún ọmọ tálákà. Ètò náà ṣì wà, kí ẹni tó ní ọmọ níbẹ̀ béèrè. Ó jà kí olùkọ́ tó bá lọ bímọ má pàdánù ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá jù lọ ni ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé. Ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wà nínú ìjọ wa tí ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí arúgbó bá kú, iṣẹ́ ti parí, ibi tí wọ́n ń sùn náà sì ti lọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Chisholm ṣiṣẹ́ fún, kí wọ́n lè wọ inú ètò owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi ojú rí ni ọmọ gbé dé Albany.

Ní 1968 ó wọlé sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Ní 1972 ó díje fún ipò ààrẹ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yìnbọn lu George Wallace, gómìnà Alabama, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ipò kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù. Chisholm lọ kí i ní ọsibítù, inú sì bí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣé a ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ má tètè dáhùn. Ní 1974, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé dé Washington, Chisholm fúnra rẹ̀ sọ pé Wallace bá àwọn aṣòfin ìhà gúúsù sọ̀rọ̀ kí wọ́n tì í lẹ́yìn.

Ẹ tún ka Joṣua orí 17. Mose ti kú, a ti wọ ilẹ̀ náà, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún sì tún padà wá rán Joṣua àti Eleasari létí ìlérí, nítorí òfin kì í fúnra rẹ̀ rìn wá sílé ẹni. Chisholm fi Washington sílẹ̀ ní 1983, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kìíní ọdún 2005. Àwọn mìíràn tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Albany, ní 2010 sì ni New York ṣe òfin tó fún òṣìṣẹ́ inú ilé onílé ní ọjọ́ ìsinmi lọ́sẹ̀ àti owó àfikún fún àsìkò tó lé.

A kì í polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí, òfin kò sì gbà á. Ẹni tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ìbáà jẹ́ pé ó ní gíríìn káàdì. Ó lè ti ibẹ̀ pàdánù ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò rẹ̀, tàbí kí ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Àwọn ìyá tí ń tọ́jú arúgbó yóò pàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ láti kọ tiwọn. Ẹni tí kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò bá a kọ ọ́.