Ọ̀dà Tuntun Lára Mọ́tò Àtijọ́

Bí mọ́tò bá pààrọ̀ orúkọ, ṣé irọ́ ló pa? Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kun mọ́tò ní Ẹdẹ níbí. Ó ní àwọn òyìnbó eléré ìje mọ́tò náà ń kun tiwọn lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní òpùrọ́.

Òótọ́ ni. Ẹ wo Honda, tó ti náwó gọbọi sórí mọ́tò ọdún 2009 kó tó jáwọ́ nínú eré ìje ní December 2008. Ross Brawn, ọ̀gá níbẹ̀, gba iṣẹ́ náà. Wọ́n gé ẹ̀yìn mọ́tò yẹn kí ẹ́ńjìnnì Mercedes lè wọlé, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sọ ọ́ ní Brawn. Òun ni Jenson Button fi di ọ̀gá ayé lọ́dún náà. Nígbà tó di 2010, àwọn oníṣẹ́ kan náà tún ń jẹ́ Mercedes.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tàn jẹ? Gbogbo ayé ló mọ orísun rẹ̀. Inú ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tún ṣe kí ọdún ìje tuntun tó dé: ẹ́ńjìnnì, búréèkì, bí atẹ́gùn ṣe ń gba ara mọ́tò kọjá. Ọ̀dà ló ń gbẹ̀yìn. Àwọn olùyẹ̀wò á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sáré.

Bọ́ọ̀sì ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ìpẹtà ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀, ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, ó ń dán gbinrin. Àbíkú ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jàre. Ó kú níbòmíràn, wọ́n tún bí i ní Ẹdẹ, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Èrò tó máa wọ̀ ọ́ lọ sí Òṣogbo kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi ní òun kọ́ lòun ni bọ́ọ̀sì, ọ̀dà ni wọ́n ní kóun kùn. Mo ní ó dáa, kó fi ọmọ ẹ̀ wọ̀ ọ́ dé Òṣogbo. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.