Ta Ló Ni Fọ́tò Oníbàárà?

Bí ènìyàn bá gbé aṣọ fún télọ̀ pé kí ó bá òun rán an, ta ló ni aṣọ náà? Oníbàárà ni, kò sí ẹni tí yóò jiyàn lé e lórí. Télọ̀ ní àṣẹ láti gé e, láti rán an, láti lọ̀ ọ́. Kò ní àṣẹ láti wọ̀ ọ́ lọ sóde àríyá ní Sátidé kí ó tó gbé e fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ Ajé. A gbọ́ pé àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò jọ èyí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè yá àwọn ènìyàn lẹ́nu: bí télọ̀ kan náà bá ya oníbàárà ní fọ́tò nígbà tó wá wọ aṣọ náà wò, ta ló ni fọ́tò?

Kì í ṣe télọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Onídìrí, ẹni tí ń kun ojú ìyàwó, aláàsè, ẹni tí ń ta àgbo, fóònù ti di ojú ọjà fún gbogbo wọn. Ìpolówó lórí rédíò gbówó lórí, pátákó ẹ̀bá títì sì ju agbára ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lọ. Status WhatsApp kò gbà ju dátà díẹ̀ lọ, wákàtí 24 gbáko ni yóò sì fi máa pe oníbàárà wá. N kò bá wọn jà. Owó ìdánwò WAEC ọ̀pọ̀ nínú wa, inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló ti jáde.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ náà polówó ọjà. Ẹni tó ń kiri àgbàdo á máa yin àgbàdo rẹ̀ pé ó rọ̀, pé ó dùn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa kiri pé, “Ìyá Lágbájá tí ọkọ rẹ̀ kò fún lówó oúnjẹ ra méjì lára rẹ̀ lánàá.” Ọjà ni wọ́n ń polówó, wọn kì í polówó ẹni tó rà á. Lóde òní, ẹni tó rà á ti di ara ọjà. Ẹni tí ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí á gbé ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ sí i ní ìkọ̀kọ̀ síta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àgbo òun ń ṣiṣẹ́: orúkọ ẹni náà àti fọ́tò rẹ̀ wà lókè, àìsàn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ tí a ń pè ní aláìmọ̀wé mọ̀ pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ eré lójú mi. Obìnrin opó kan gbé léèsì aláwọ̀ ewé fún aránṣọ, aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí yóò bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé. Nígbà tó wá wọ̀ ọ́ wò, aránṣọ ya fọ́tò, ó ní òun fẹ́ wo bí ọrùn aṣọ náà ṣe jókòó. Nígbà tó fi máa di alẹ́, fọ́tò ti dé orí Status. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ mọ́ aránṣọ: ó gé orí obìnrin náà kúrò nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ọmọ obìnrin náà, ọmọ ọdún márùn-ún, dì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú tirẹ̀ sì hàn kedere. Ṣé àbúrò ọkọ kò ní mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹbí ọkọ ti ń béèrè lọ́wọ́ opó pé ta ló ń ṣe ara lóge dè. Aránṣọ bẹ̀bẹ̀, ó sì yọ fọ́tò náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi pamọ́ ti fi pamọ́. Oṣù mẹ́ta ni obìnrin yẹn tún fi wọ aṣọ dúdú sí i, kí ẹnu ẹbí lè sinmi.

Aránṣọ ní, “Aṣọ ni mo fi hàn, n kò fi ènìyàn hàn.” Mo gbà pé òótọ́ ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò rò ni pé nítorí ọrùn aṣọ ni obìnrin náà ṣe dúró fún fọ́tò. Ìdí tí a fi gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn ni ààlà àṣẹ tí a ní lórí rẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù ṣe rí náà nìyẹn: oníbàárà fún ọ ní nọ́ńbà kí o lè pè é tí aṣọ bá jẹ, kì í ṣe kí o fi ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ tí ń ta ìpara.

Òfin wà. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ààrẹ buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà. (Kì í ṣe dátà tí à ń rà o, ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ ni, bí orúkọ, nọ́ńbà àti fọ́tò.) Nígbà tí àjọ FCCPC ní kí Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, san ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lóṣù keje ọdún 2024 nítorí bó ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà, inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Síbẹ̀, orí WhatsApp kan náà ni a ti ń gbé àṣírí ara wa kiri, tí a sì rò pé erin nìkan ni òfin wà fún. N kò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá mú télọ̀ o. Ohun tó tọ́ ni mò ń wá.

Àwọn kan yóò ní, “Àwọn oníbàárà wọ̀nyí kan náà ló ń fi fọ́tò ara wọn sí Facebook láràárọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pe gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ wọlé. Àwọn mìíràn yóò ní kí ọlọ́jà ṣáà béèrè, ó parí. Èyí sàn, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí aránṣọ tó tó ìyá mi bí lọ́mọ bá ní, “Ọmọ mi, mo máa fi fọ́tò yìí sí Status o,” kí ni mo fẹ́ sọ ju “Ó dáa, mà” lọ? Aṣọ mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ ọ́ sábẹ́ tábìlì títí ọdún yóò fi kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè lóòótọ́, kí ó dúró di ìgbà tí oníbàárà bá ti san owó, tí aṣọ sì ti wà nínú báàgì rẹ̀.

Àwa ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà ń wá oníbàárà, fọ́tò wa sì ni wọ́n fi ń wá wọn. Òfin ọdún 2023 béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ lórí dátà ọmọdé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, ta ló ti bi yín rí?

Mo mọ̀ pé ọlọ́jà yóò pàdánù nǹkan. Aṣọ tí a gbé kọ́ ara ògiri kì í wu ènìyàn bí èyí tó wà lára ènìyàn, ère onírọ́bà tí a ń wọ aṣọ fún sì lówó lórí. Ìdí nìyí tí àwọn aránṣọ kan fi ń ṣe ẹ̀dínwó: jẹ́ kí n lo fọ́tò rẹ, máa yọ 2,000 náírà kúrò. Ó kéré tán, wọ́n gbà pé fọ́tò náà lólówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó rówó san yóò kọ̀, ẹni tí kò rí ni fọ́tò rẹ̀ yóò máa kiri. Tí ayé rẹ̀ bá yí padà lọ́la, tó ní kí wọ́n yọ ọ́ ńkọ́? Òfin gbà á láàyè láti yí ọkàn padà. Aránṣọ yóò ní, “2,000 mi dà?” Ẹjọ́ rẹ̀ kò burú. Lójú tèmi, kí ó kọ́kọ́ yọ fọ́tò náà ná, kí wọ́n tó jókòó sọ̀rọ̀ owó. Bí oníbàárà kò bá sì ní in lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè, bí wọ́n ṣe ń kọ owó bọ́tìnnì àti sípù.